Babátúndé Ọlátúnjí àti Orin Ẹlẹ́sẹ̀ Márùn-ún

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Mile 2 ní ìlú Èkó, tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac Town tí ìjọba kọ́ nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún ọdún 1977, tí ó sì ń bá ọ̀nà Àgbádárìgì lọ láìyà síbì kan, yóò dé agbègbè ọ̀sà tí abúlé apẹja kan tí à ń pè ní Ajido wà. Níbẹ̀ ni a bí Babátúndé Ọlátúnjí sí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1927. Oṣù méjì ṣáájú ìbí rẹ̀ ni baba rẹ̀ kú. Ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Babátúndé. Apẹja ni baba náà, amọ̀kòkò sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ Ègùn ni wọ́n, ọmọ náà sì gbọ́ èdè Ègùn àti èdè Yorùbá láti kékeré. Oyè kù sí dẹ̀dẹ̀ fún baba rẹ̀ kí ikú tó mú un lọ, nítorí náà àwọn ẹbí ń tọ́ ọmọ yìí kí ó lè rọ́pò baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, ó ti mọ̀ pé ọkàn òun kò sí nínú oyè. Ìlù ni ó máa ń tọ̀ lẹ́yìn níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú.

Ní ọdún 1950 ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Rotary, ó sì wọ Morehouse College ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ní agbègbè yẹn nígbà náà, òfin kò gbà kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, ohun mìíràn tún wà tí ó dùn ún. Àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an kò mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ Áfíríkà ju ìranù tí wọ́n ń wò nínú sinimá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù fún wọn. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 1954, ó lọ sí New York láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú. Ó kó àwọn onílù díẹ̀ jọ kí ó lè rí owó gbọ́ bùkátà. Nígbà tí ó ṣe, iṣẹ́ tí ó fi ń wá owó oúnjẹ gba ọwọ́ rẹ̀ tán. Àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, tí ó kọ ní ọdún 1959, tà ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ.

Ní ọdún 1959 kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ Dave Brubeck kọ orin jáàsì kan tí ó da àwọn olùgbọ́ láàmú. Take Five ni orúkọ rẹ̀. Paul Desmond tí ń fọn sàsófóònù ni ó ṣe é. Bí a bá fi àtẹ́wọ́ ka ẹsẹ̀ ìlù nínú orin jáàsì tí ó wọ́pọ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ni, a ó sì tún padà sórí ení. Ti Desmond kò dúró lórí ẹ̀rin. Ó so ẹ̀ta pọ̀ mọ́ èjì, ó di àrún. Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe yóò ṣàdédé rí i pé ẹsẹ̀ òun ti ya kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù ba ilé-iṣẹ́ tí ó gbé àwo náà jáde pé kò ní tà. Ṣùgbọ́n etí àwọn ènìyàn mọ́ ọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ó di ọ̀kan nínú àwọn orin jáàsì tí ó tà jù lọ láyé.

Ẹsẹ̀ márùn-ún yìí tún dé ọwọ́ Max Roach, onílù aláwọ̀ dúdú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, ní Sharpeville, nítòsí Johannesburg, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn tí ń fi ẹ̀hónú hàn nítorí òfin ìwé-ìrìnnà. Ènìyàn 69 kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Roach kọ àwo We Insist!, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ó pe Ọlátúnjí. Nínú orin kan níbẹ̀, Abbey Lincoln ń pe orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọlátúnjí sì ń fi ọ̀rọ̀ nípa òmìnira dá a lóhùn ní èdè Yorùbá. Orin tí ó kẹ́yìn, Tears for Johannesburg, ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni. Lincoln kò pe ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ohùn lásán ni, bí ẹni tí ẹkún ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọlátúnjí àti àwọn onílù yòókù wà lábẹ́ ohùn náà. Iye ẹsẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú Take Five, ṣùgbọ́n ènìyàn lè gbọ́ Take Five nídìí oúnjẹ. Ta ni yóò jẹun nídìí èyí? Ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù yẹn, tí etí kò retí, ń mú kí orin náà dàbí ìrìn ẹni tí ó gbé òkú. Àwọn kan yin àwo náà, àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú kò yẹ orin. Ìjọba South Africa fi òfin dè é ní ọdún 1962, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.

Láti ìgbà náà ni àwọn onijáàsì ti ń wá Ọlátúnjí. John Coltrane ṣe orin kan ní ọdún 1962, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Tunji. Nígbà tí Ọlátúnjí dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, ibẹ̀ ni Coltrane ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, nígbà tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ó kú. Ní ọdún 1969, Santana mú orin kan nínú Drums of Passion, ó fi gìtá kọ ọ́ káàkiri ayé. Ọlátúnjí wà lára àwọn onílù tí ó ṣe àwo Planet Drum ti ọdún 1991, tí ó gba ẹ̀bùn Grammy. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìlù títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní California ni ó kú sí, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2003. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ bá a, ìbá pé ẹni ọdún 76.