Dókítà Oku Ampofo àti Ewé Ikọ́ Fée

Ní ọdún 1908 ni a bí Oku Ampofo sí ìlú Amanase, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn, Gold Coast sì ni orúkọ rẹ̀. Ó kàwé ní Achimota. Lẹ́yìn náà, ìjọba fún un ní owó láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Ó wà lára àwọn ọmọ Gold Coast tí ó kọ́kọ́ rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Nígbà tí ó padà dé, ó ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀ sí Mampong, lórí òkè Akuapem. Ó tún ń gbẹ́ ère. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, agbẹ́gilére ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, kì í ṣe dókítà.

Ní Mampong, ó rí i pé àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ ewé tí ó ń ṣiṣẹ́. Dókítà mìíràn ì bá fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Òun lọ bá wọn jókòó, ó sì bi wọ́n léèrè. Èyí kò rọrùn. Onísègùn tí ó bá sọ àṣírí ewé rẹ̀ ti fi oúnjẹ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí tí kò sì sọ ọ́, ikú a gbé òun àti ewé rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ewé náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Desmodium adscendens. Ewéko lásán ni lójú àgbẹ̀. Ó máa ń fà nílẹ̀, ewé mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń yọ, èso rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ará Gánà ń lò ó fún ikọ́ fée, èyí tí Faransé ń pè ní asthme.

Ẹni tí ó bá gbé Parakou ní àkókò ọyẹ́ mọ bí àìsàn yìí ti rí. Eruku wọ imú, ara aláìsàn a sì kà á sí ọ̀tá. Ara a tú èròjà kan jáde, iṣan tí ó yí ọ̀nà èémí ká a sún kì, èémí a sì máa dún fée, fée. Bí ìrànlọ́wọ́ kò bá tètè dé, ènìyàn lè kú.

Ampofo fún àwọn aláìsàn ní ewé náà, ó sì ṣàkíyèsí pé èémí wọn ń dẹrùn. Ó kọ̀wé nípa irú ewé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1977. Ṣùgbọ́n kí dókítà kan rí i kò tó. Ó yẹ kí àwọn mìíràn dán an wò. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì pé ní ọdún 1975, ìjọba Gánà dá ibùdó ìwádìí ewé ìwòsàn sílẹ̀ ní Mampong. Ampofo ni olùdarí àkọ́kọ́.

Ní yunifásítì Legon, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan, Marian Ewurama Addy, gba ewé náà yẹ̀ wò. Ó lo ẹran kékeré tí Faransé ń pè ní cobaye, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń sìn ní Bẹ̀nẹ̀ fún jíjẹ. Ó fi ohun tí ara ẹran náà kórìíra kan iṣan ọ̀nà èémí rẹ̀. Níbi tí omi ewé bá wà, iṣan náà kò sún kì tó bí ó ti yẹ. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1988 àti 1989.

Kí ni ó wà nínú ewé náà? Àwọn èròjà flavonoïde wà níbẹ̀, irú èyí tí ó máa ń fún òdòdó àti èso ní àwọ̀. Èyí tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni saponine, tí ó máa ń hó bí ọṣẹ. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀kan nínú saponine inú ewé yìí ń ṣí àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké tó wà lára iṣan. Irú ṣíṣí bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú kí iṣan dẹ̀. Síbẹ̀, iṣan ẹran kì í ṣe odidi ènìyàn. Aláìsàn kò gbọdọ̀ torí ewé ju oògùn fífà símú tí dókítà fún un nù.

Ampofo kú ní ọdún 1998. Àwọn aláìsàn ṣì ń lọ gba ìtọ́jú ní ibùdó rẹ̀ ní Mampong.