Ernest Rutherford àti Kóró Átọ́ọ̀mù

Ẹni tí ó bá lọ ra ìkòkò ní ọjà kì í fi ojú nìkan wò ó. Yóò fi ìka lù ú, yóò sì tẹ́tí sí ìró rẹ̀, nítorí pé ìró ni yóò sọ fún un bí ìkòkò náà bá sán níbi tí ojú kò tó. Irú ọgbọ́n yìí ni ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fi wádìí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí i. Orúkọ rẹ̀ ni Ernest Rutherford. Ó ti pẹ́ tí ó ti kú, ṣùgbọ́n a ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ títí di òní, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1871 ni a bí i, ní ìletò kan nítòsí ìlú Nelson ní ilẹ̀ New Zealand, erékùṣù tí ó jìnnà réré ní apá gúúsù ayé. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni baba rẹ̀. Olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ọkọ. Ọmọ méjìlá ni wọ́n bí, Ernest sì ni ìkẹrin wọn. Owó kò pọ̀ nínú ilé náà. Bí kì í bá ṣe ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ó ń gbà léraléra, ìwé rẹ̀ ì bá má kọjá ìletò náà.

Ní ọdún 1895, ẹ̀bùn kan wà fún ọmọ New Zealand tí yóò lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn ni a kọ́kọ́ fi í fún. Rutherford ni ó ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ kò gbà á, ẹ̀bùn náà sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ó ń wa ànàmọ́ lóko lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ mú ìròyìn náà tọ̀ ọ́ wá, tí ó sì ju ohun tí ó fi ń wà á sílẹ̀ lójú kan náà. Ó yá owó ọkọ̀, ó sì lọ sí Yunifásítì Cambridge, níbi tí ó ti di ọmọ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. Thomson ní ilé ìwádìí Cavendish.

Ní ọdún 1898 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì McGill ní ilẹ̀ Kánádà. Ní àkókò yẹn, a ti mọ̀ pé ìtànṣán kan ń jáde láti ara yùréníọ̀mù láìsí iná, láìsí oòrùn. Rutherford fi hàn pé irú ìtànṣán méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì sọ wọ́n ní álífà àti bẹ́tà. Ní ọdún 1900, Paul Villard rí ẹ̀kẹta ní ìlú Paris, èyí tí agbára rẹ̀ lè la irin kọjá. Rutherford ni ó sì sọ ọ́ ní gámà ní ọdún 1903. Òun àti Frederick Soddy tún fi hàn pé átọ́ọ̀mù tí ń ju ìtànṣán álífà tàbí bẹ́tà jáde a máa yí padà di irú átọ́ọ̀mù mìíràn. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1908.

Nígbà náà ó ti padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà ní ìlú Manchester. Ní ọdún 1909, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Hans Geiger àti Ernest Marsden, ń ta álífà bí ẹni ta ọta lu wúrà tí a tẹ́ pẹlẹbẹ. Inú òkùnkùn ni wọ́n máa ń jókòó sí títí ojú wọn yóò fi mọ́ òkùnkùn lára, kí wọ́n tó lè ka ìmọ́lẹ̀ kíkéré tí ọta kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ jáde nígbà tí ó bá balẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta náà la wúrà kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún a máa ta padà sẹ́yìn.

Bí ènìyàn bá ń sọ òkúta sínú igbó lóru, tí púpọ̀ nínú wọn kọjá láìdún, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan ta padà wá bá a lẹ́sẹ̀, yóò mọ̀ pé ìtí igi ńlá kan wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Rutherford ṣe rò ó, ní ọdún 1911 ó sì kéde èrò rẹ̀: òfìfo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú átọ́ọ̀mù, kóró kan wà láàárín rẹ̀, tí ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 10,000 ìbú átọ́ọ̀mù, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìwúwo átọ́ọ̀mù wà.

Báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí ó wà nínú kóró tí ó kéré tó báyìí? Ìtànṣán gámà ni ó ṣí ọ̀nà. Ní ọdún 1914, Rutherford àti E. N. da C. Andrade jẹ́ kí ìtànṣán tí ó wá láti ara rédíọ̀mù lu òkúta iyọ̀ tí ó mọ́ gaara, wọ́n sì gbà á sórí awo tí a fi ń ya fọ́tò. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ lórí awo náà, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, C. D. Ellis, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Rutherford ní Cambridge, túmọ̀ irú ilà bẹ́ẹ̀. Kóró tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù a máa sọ̀ kalẹ̀ láti ìpele dé ìpele bí ẹni tí ó wà lórí àkàbà; ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, a lè ju ìtànṣán gámà kan jáde, tí agbára rẹ̀ bá àlàfo ìpele méjèèjì mu. Àkàbà kóró kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọn ìtànṣán gámà yóò mọ bí a ti to inú kóró, yóò sì dá a mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń fi ilà ojú dá ọmọ ìlú mọ̀.

Ní ọdún 1919 Rutherford di olórí ilé ìwádìí Cavendish, níbi tí ó ti wá ní ogunlọ́gọ̀ ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ayé kò dùn fún un ní gbogbo ìgbà. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Mary aya rẹ̀ bí, Eileen ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1930, ọmọ náà kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ó bímọ. Rutherford kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Hitler bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọ̀mọ̀wé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1933, òun ni ó ṣe olórí ẹgbẹ́ tí ó ń wá ibi ààbò àti iṣẹ́ fún wọn.

Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀sì ènìyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ní ọdún 1933 yìí kan náà, Rutherford sọ ní gbangba pé asán ni ìrètí ẹni tí ó bá rò pé a ó rí agbára tí ó wúlò gbà láti inú átọ́ọ̀mù. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1937, a sì sin eérú rẹ̀ sí Westminster Abbey nítòsí ibojì Newton. Ní ọdún 1938 ni a rí i ní ìlú Berlin pé kóró yùréníọ̀mù lè là sí méjì. Ní ọdún 1945 bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù pa Hiroshima àti Nagasaki run. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí kóró náà kò mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwádìí kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 fún ẹ̀kọ́ nípa agbára. A gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí a ń pè ní Pelletron, tí iná rẹ̀ tó fólítì 1,700,000. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ta ọta kéékèèké lu ohun tí a fẹ́ mọ̀, kí a sì ka àwọn tí ó bá ta padà. Orúkọ Rutherford ni a fi ń pe ọ̀nà ìwádìí yìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ a sì tún máa wọn ìtànṣán gámà láti ara iyẹ̀pẹ̀ àti àpáta ilẹ̀ wa, kí wọ́n lè mọ irú átọ́ọ̀mù tí ń jù ú jáde àti bí ó ti pọ̀ tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó ṣe ìkejì ni ó rí kóró átọ́ọ̀mù, nítorí pé kò ka ọta kan ṣoṣo tí ó ta padà sí ohun tí kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ṣi ọjọ́ iwájú rò. Ẹ máa tẹ́tí sí ohun tí ẹ̀ ń wádìí, ẹ má sì ṣe gbàgbé pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tán.