Carl Hubbs, Bàbá Tó Mọ Ẹja Àmúlùmálà

 

Lọ́jọ́ kan, èmi àti dádì mi lọ pẹja ní adágún kan nítòsí Houston. Ẹja sunfish tí mo mú jọ irú méjì pọ̀. Dádì ní òun ò mọ̀ ọ́n, bóyá àmúlùmálà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìtàn Carl Hubbs.

Wọ́n bí i ní 1894 ní Arizona. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Michigan láti 1920 títí di 1944, kó tó lọ sí California. Laura ìyàwó rẹ̀ máa ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n tún máa ń kó àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ wá ẹja, kódà nínú aṣálẹ̀!

Nígbà yẹn, tí àwọn onímọ̀ bá rí ẹja tó ṣàjèjì, wọ́n lè sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Hubbs fi hàn pé àmúlùmálà ni díẹ̀ nínú wọn. Ẹja kì í sábà bá irú míì bímọ, torí àwọ̀ wọn, àsìkò wọn àti ibi tí wọ́n ń yé ẹyin sí lè yàtọ̀. Àmọ́ tí irú kan bá ṣẹ́ kù díẹ̀ láàárín èyí tó pọ̀, ìdènà yẹn lè ṣí. Hubbs àti Laura rí i pé sunfish àmúlùmálà máa ń tètè dàgbà, akọ ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọn ò lè bímọ, bíi ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ní 1932, wọ́n kọ̀wé nípa Amazon molly, ẹja kékeré tó wà ní Mexico àti ní Texas wa níbí, lápá odò Rio Grande. Irú molly méjì ló pàdé tó fi wáyé, síbẹ̀ ó ń bímọ dáadáa. Abo ni gbogbo wọn! Akọ irú míì ló ń jẹ́ kí ẹyin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, àmọ́ ọmọ kì í jọ bàbá. Ìyá nìkan ló ń jọ.

Hubbs kú ní 1979. Clark ọmọ rẹ̀ náà di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹja ní Yunifásítì Texas, ní Austin.

Níléèwé, wọ́n máa ń bi mí pé ṣé ọmọ Amẹ́ríkà ni mí àbí ọmọ Nàìjíríà. Èmi kì í ṣe ẹja o! Irú kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn. Ohun tí mo kọ́ lára Bàbá Hubbs ni pé kéèyàn wo nǹkan dáadáa kó tó sọ ọ́ lórúkọ.

A dá ẹja mi padà sínú omi. Mi ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.