Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther àti Ìwé Mímọ́

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìsìn ní Adó-Èkìtì ní ọjọ́ Ìsinmi, yóò gbọ́ tí a ń ka Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá. Àgbà ń gbọ́ ọ, ọmọdé ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí ó ń wá ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nǹkan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Àwọn ènìyàn ni ó ṣe làálàá kí èyí tó rí bẹ́ẹ̀, olórí nínú wọn sì ni ọkùnrin kan tí a ti kó lẹ́rú rí ní kékeré. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther.

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí Àjàyí ní ìlú Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà. Àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́ wà lára àwọn jagunjagun tí ó kó o. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì kó Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi yà wọ́n nípá. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. A sì ń tà á láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí a gbé kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, a sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, níbi tí a ti sọ wọ́n di òmìnira.

Ní Sàró, Àjàyí fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ Sámúẹ́lì Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Fourah Bay, lẹ́yìn náà ó sì di olùkọ́. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Sàró ní àkókò yìí, Yorùbá bíi tirẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fi rí i pé àríyànjiyàn gbígbóná kì í yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Bí a bá bú ohun tí ẹnìkan ń sìn, etí rẹ̀ a di, ojú rẹ̀ a sì pọ́n. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó tọ́jú sínú, tí ó sì wúlò fún un títí di ọjọ́ ogbó.

Ní ọdún 1843 a fi í joyè àlùfáà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú bíi tirẹ̀. Ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ kà ni orí kìn-ín-ní ìwé Lúùkù, níbi tí a ti sọ bí áńgẹ́lì ṣe jíṣẹ́ ìbí Jésù fún Màríà. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti pàdé òun àti ìyá rẹ̀, Afálà, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọn kò rí ara wọn. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí Crowther dáwọ́ lé ni ìtumọ̀ Bíbélì. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn ẹlòmíràn bá a ṣe é, pàápàá Thomas King, ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀. Crowther kò fẹ́ kí Ìwé Mímọ́ dún bí ọ̀rọ̀ àlejò ní etí Yorùbá. Ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, ó ń ṣa òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ jọ, kò sì tijú láti lo ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wọ èdè Yorùbá. Àlùfáà, wòlíì àti àdúrà wà lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wà nínú Bíbélì Yorùbá di òní. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì náà parí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní etí Odò Ọya. Ní ìparí ọdún 1871 ó gbéra ní Lọ́kọ́ja, ó gba Bídà, ó ń fi ẹsẹ̀ ilẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó. Ní ọdún 1872 ó dé Ìlọrin, ọba ìlú náà sì gbà á lálejò ní àfin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ọjọ́ náà. Ó ti lé ní 50 ọdún tí ogun kó Òṣogùn. Ọmọ tí a fi pààrọ̀ ẹṣin ni ó wá jókòó yìí, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, láàrin àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Yorùbá. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkorò, ó ní ohun tí ó lè sọ. Bí ó bá sì sọ ọ́, ilẹ̀kùn ì bá tì mọ́ ọn àti mọ́ gbogbo ẹni tí ì bá tẹ̀ lé e wá. Crowther kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì bá wọn jiyàn lórí ẹ̀sìn wọn. Bíbélì Yorùbá ni ó ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òun àti wọn ti jọ gbà, èyíinì ni iṣẹ́ tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì jẹ́ fún Màríà, ibi kan náà tí ó ti kà ní Freetown. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá Ànábì Ísá ń bọ̀ wá ṣe ìdájọ́ ayé, ó ka orí 25 ìwé Mátíù sí wọn létí. Nígbà tí wọ́n bi í nípa àkókò tí yóò dé, ó fi hàn nínú ìwé náà pé ẹ̀dá kankan kò mọ̀ ọ́n. Èdè tí wọ́n ń sọ ni ó fi dá wọn lóhùn, láti inú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé Ìlọrin di ìlú Kristẹni ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìsí ìjà. Àwọn àgbà ní ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ọjọ́ ogbó Bíṣọ́ọ̀bù náà kò rọrùn. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan tí a rán wá sí Odò Ọya fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú wọn dúró. Crowther gbèjà wọn, nígbà tí a kò sì gbọ́ tirẹ̀, ó fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ó túmọ̀ kò bá a kú. Nígbà tí Bíbélì náà parí ní 1884, ogun Kírìjì ṣì gbóná láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. A ṣe àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886, àwọn jagunjagun sì tú ká ní 1893. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé, àwọn kan nínú wọn sì ti di onígbàgbọ́ ní oko ẹrú. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Babamuboni, ẹni tí ó mú ìhìn rere wọ Adó-Èkìtì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ kékeré yẹn ni Ìjọ Emmanuel ní Òkèṣà ti dìde, tí ó di kàtídírà. Èdè Èkìtì ní ohùn tirẹ̀, síbẹ̀ Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ yé àwọn ará Adó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀nà ọkùnrin yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ohun tí òun gbà gbọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó wá èdè tí ẹni náà yóò fi gbọ́ ọ, kí ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pàápàá níwájú ẹni tí ó lè kà sí ọ̀tá. Ariwo kì í ṣe ẹ̀rí, èébú kì í sì í fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀.