Ìgbésí-Ayé Andrew Foster, Olùkọ́ Àwọn Adití

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà. Ẹ má ṣe torí èyí ṣí ojú-ìwé yìí kọjá. Iṣẹ́ tí ó ṣe kan gbogbo ilé tí ọmọ adití wà, yálà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹ óò sì rí i níwájú pé orírun iṣẹ́ náà kò jìnnà sí wa.

A bí Andrew Foster ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, ọdún 1925, ní Alabama, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ èédú wíwà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, àrùn yírùnyírùn kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀. Wọn kò kú, ṣùgbọ́n etí àwọn méjèèjì di. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òbí: ọmọ tí ó ti ń jẹ́ ìpè, tí ó ti ń kọrin, kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ mọ́.

Ẹrù méjì ni ó wà lórí ọmọ yìí. Adití ni, aláwọ̀ dúdú sì ni, ní ilẹ̀ tí òfin ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ilé-ẹ̀kọ́ adití tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú ní Talladega ni ó lọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò sì lọ jìnnà. Ó ṣí lọ sí Detroit, ó ń ṣiṣẹ́ jẹun, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ láti inú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 1951. Gallaudet College ní Washington, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn adití, ti kọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò jáwọ́. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà á, ní 1954 ó sì di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè níbẹ̀. Ó gba oyè méjì mìíràn ní ibòmíràn kí 1956 tó parí; ìyẹn kò jẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀.

Ní 1956 kan náà ni ó dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀ fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà. Ó gúnlẹ̀ sí Accra ní 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira. Ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tí ó bèèrè ni pé kò sí ọmọ adití níbẹ̀. Kò jọ pé wọ́n purọ́ fún un. Ibi tí ojú kì í dé ni àwọn ọmọ náà wà: ìdí ààrò, ẹ̀yìnkùlé, oko. Foster wá wọn kiri, ó rí wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan yá a ní yàrá, tí ó ń lò nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ti lọ sí ilé.

Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, tí ó bi yín ní ìbéèrè yìí kan náà, kí ni ẹ óò wí? Bóyá ẹ óò rántí ọmọbìnrin kan ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí ó ń ha ìpẹ́ ẹja láti òwúrọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Odi títí orúkọ tí a fi ṣe ìrìbọmi fún un fi di ìgbàgbé. Ahọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àbùkù lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí etí kò gbọ́ rí ni ahọ́n kò rí kọ́. Bí a bá fún un ní èdè tí ojú lè gbà, ọgbọ́n inú rẹ̀ yóò jáde.

Èdè ọwọ́ tí Foster mú wá ti rin ọ̀nà jíjìn. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, Charles-Michel de l'Épée, ni ó kó àwọn ọmọ adití jọ sí ilé rẹ̀ ní Paris ní nǹkan bí ọdún 1760, tí ó kọ́kọ́ kọ́ àmì ọwọ́ wọn kí ó tó kọ́ wọn ní ìwé. Adití kan tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, Laurent Clerc, gbé èdè yìí dé Amẹ́ríkà ní 1816. Ìwé Ìhìnrere Máàkù, orí keje, sì fi hàn wá pé nígbà tí wọ́n mú adití wá sọ́dọ̀ Olúwa wa, Ó fi ìka kàn án ní etí, Ó fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀, kí Ó tó fọhùn.

Ní 1960 Foster dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Enugu àti Kaduna tẹ̀lé e. Ní 1961 ó gbé Berta Zuther níyàwó, ọmọ Jámánì tí òun náà jẹ́ adití. Kí ó tó kú, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13. Àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn ni ó ń kọ́ láti di olùkọ́, èyí ni ó sì wú wa lórí jù.

Àwọn kan lè wí pé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni ó dá, bẹ́ẹ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2019 ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbogbo gba ọmọ tí ó ní àbùkù ara wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní kí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fún adití ju fún ẹnikẹ́ni lọ. Bí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó tí ó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ọmọ yẹn ń rí. Bákan náà ni ní kíláàsì kátíkísímù wa. Ó yẹ kí ó dùn wá bí ọmọ tí a ti rì bọmi bá dàgbà láìgba Kọ́múníọ̀nù, kìkì nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀yin òbí pàápàá ní láti kọ́ èdè yìí. Ọmọ kò lè máa dúró de ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1987, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí Foster wọ̀ já ní Rwanda. Ọmọ ọdún 62 ni. Ọjọ́ náà ni àjọ̀dún Ẹni Mímọ́ Francis Xavier, alábòójútó àwọn míṣọ́nnárì. Ní 1992, láìjẹ́ pé wọ́n ní Foster lọ́kàn, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọjọ́ kan náà ṣe ọjọ́ àwọn tí ó ní àbùkù ara ní gbogbo ayé.