Judah Folkman: Dókítà tó kọ́ oògùn ní ìrìn pẹ̀lẹ́

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló mọ ọ̀pá tín-ín-rín tí nọ́ọ̀sì ń tì sábẹ́ awọ apá fún ìfètò sọ́mọ bíbí. Ó lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún níbẹ̀. Fún ará oko ní Òṣooro, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tó ní láti wọ ọkọ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀ ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Judah Folkman.

Ọdún 1933 ni wọ́n bí i ní Cleveland, Amẹ́ríkà. Àlùfáà àwọn Júù ni baba rẹ̀. Bí ó ti ń bá baba rẹ̀ lọ bẹ àwọn aláìsàn wò ló pinnu láti di dókítà. Ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard ní 1957.

Láàrin 1960 sí 1962, nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, òun àti David Long ṣàkíyèsí pé àwọn èròjà kan a máa gba ara rọ́bà sílíkóònù jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 1964, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àjọ Population Council. Àjọ náà ló ṣe Norplant, ọ̀pá mẹ́fà tí ìjọba Finland fọwọ́ sí ní 1983.

Ní 1976, Folkman àti Robert Langer fi hàn pé oògùn tí rọ́bà náà kò lè gbé náà ṣeé tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2005, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn bíńtín kan tí wọ́n ń fi sínú ẹyinjú. Nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ ló fi ń dá àwọn ọmọ ogun ara tó ń ba ojú jà lẹ́kun.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kù. Ẹni tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára ṣì ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ má baà kọ̀ ọ́. Bí owó tàbí ọ̀nà bá dí i lọ́wọ́, kíndìnrín náà lè bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá èyí tí a lè tì sábẹ́ awọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Folkman jáde láyé ní January 14, 2008, ní pápákọ̀ òfuurufú Denver, lójú ọ̀nà ìpàdé àwọn onímọ̀. Ẹni ọdún 74 ni.