ALBERT KITSON: ẸNI TÍ Ó RÍ ÈÉDÚ ENUGU

Ojoojúmọ́ ni à ń pe Enugu tí a ti ń kàwé yìí ní Ìlú Èédú, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ẹni tí ó rí èédú náà? Albert Ernest Kitson ni orúkọ rẹ̀.

Ìtòsí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1868, ṣùgbọ́n Ọsirélíà ni ó dàgbà sí. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Ní 1906, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tí ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì kiri ní Gúúsù Nàìjíríà. Nígbà tí ó di 1909, wọ́n rí èédú inú ilẹ̀ lẹ́bàá òkè Údì. Inú ìjọba dùn, nítorí láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú tí rélùwéè ń lò. Iṣẹ́ ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Ní 1916, ojú irin so Enugu pọ̀ mọ́ Port Harcourt. Bí ìgbẹ́ ṣe di ìgboro nìyẹn.

Àwa Yorùbá náà jẹ nínú rẹ̀. Èédú yìí ni rélùwéè ń jó kọjá ní Ìbàdàn àti Òṣogbo; òun náà ni wọ́n fi ń ṣe iná mọ̀nàmọ́ná ní Ìjọra, l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 ní Iva Valley.

Ní 1913, Kitson ti lọ di olórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Gold Coast, tí ó di Gánà lónìí. Ní 1915, ó tọ́ka sí Akosombo lórí odò Volta pé a lè sé omi níbẹ̀ láti fi ṣe iná. Nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ó gba oyè Sir, ó sì kú ní 1937.

Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé èéfín èédú lè mú ayé gbóná? Arrhenius, ará Swídìn, ti ṣírò rẹ̀ ní 1896, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òkun yóò gbé èéfín náà mì. Ní 1938, ọdún kan lẹ́yìn ikú Kitson, Callendar kó àkọsílẹ̀ ìgbóná ayé jọ, ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe iyèméjì. Òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ rò pé ire ni yóò já sí. Ní 1958, Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọn afẹ́fẹ́ náà ní Hawaii: 315 nínú mílíọ̀nù kan nígbà náà, ó ti ju 420 lọ báyìí. Àríyànjiyàn bóyá ènìyàn ló fà á ti parí. Ohun tí ó kù ni bí ooru yóò ti pọ̀ tó, bí òjò ilẹ̀ wa yóò ti rí, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáwọ́.

Ní 2021, Nàìjíríà ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì fi 2060 ṣe àfojúsùn. Àwọn kan ní kí a wa èédú tí ó kù, torí òun ni òyìnbó fi là. Àwọn mìíràn ní kí a fi í sílẹ̀.

Èmi kò dá Kitson lẹ́bi. Ẹni tí ó fi èédú hàn wá ni ó fi omi hàn wọ́n ní Gánà. Síbẹ̀, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni omi Akosombo lé kúrò nílé. Kò sí èyí tí a mú tí kò ní gbèsè tirẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn dáadáa, kí a tó mú ọ̀kan.